Ẹsẹ̀ Adití: Èdè-Ìperí àti Egbò Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ilé ìwòsàn kan bẹ̀ mí pé kí n bá wọn túmọ̀ ìwé pélébé kan sí èdè Yorùbá. Ìmọ̀ràn fún àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Ojú ewé méjì péré ni, n kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ sọ fún aláìsàn pé kí ó máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lójoojúmọ́, bóyá ó ti bó tàbí ó ti là níbì kan. Èmi tí mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ kọ 'wò' lásán. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú mi. Mo kọ ọ́ báyìí pé: 'Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́.' Wọ́n tẹ ìwé náà, wọ́n pín in, inú mi sì dùn.

Àbúrò bàbá mi obìnrin wà lára àwọn tí ìwé náà tẹ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà kì í ṣe pé kò mọ ìwé kà. Nígbà tí mo lọ kí i ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, mo bá a tí wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ìṣó kan ti gba inú sálúbàtà rẹ̀ wọ ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà. Ó ti fi í rìn fún ọjọ́ mélòó kan, kò mọ̀. Òórùn ni ó fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo ní, 'Màmá, ṣé ẹ kò ka ìwé tí mo kọ ni?' Ó ní òun kà á. Ó ní, 'Àkànní, àyẹ̀wò ni o kọ síbẹ̀. Ṣebí dókítà ni í ṣe àyẹ̀wò. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ni mo ń retí.' Wọ́n gé àtàǹpàkò náà àti ìka tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀bi yìí, tèmi ni. N kò pa irọ́, n kò sì ṣi gírámà lò. Ṣùgbọ́n mo mú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ilé ìwòsàn, tí ó ní abẹ́rẹ́ àti ìwé èsì nínú, mo gbé e fún ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé iṣẹ́ èdè-ìperí tí a ń ṣe ní apá kan tí a kò tíì fi ojú sí tó. A mọ bí a ti ń dá orúkọ fún nǹkan. A kò tíì mọ bí a ti ń yan ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi ṣe nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju èyí lọ: ní ti egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ tí a yàn wà lára ohun tí ń dènà egbò tàbí tí ń ṣí ọ̀nà fún un, ó sì yẹ kí a máa fi ohun tí aláìsàn ṣe lẹ́yìn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ọ̀rọ̀ náà.

Ìmọ̀ kọ́ ni kò sí. Ní ọdún 1971 ni Òṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti tẹ ìwádìí wọn lórí alátọ̀gbẹ 832 jáde, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa onímọ̀ èdè náà kò sùn. Ní 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹni tí a ṣe wọ́n fún ní olùkọ́ tí yóò dúró níwájú rẹ̀ tí yóò sì la ọ̀rọ̀ tuntun yé e. Aláìsàn kò ní olùkọ́ kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dókítà ní fún un. Lẹ́yìn náà, òun àti ọ̀rọ̀ náà ni wọn yóò jọ lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àìsàn náà fúnra rẹ̀. Àtọ̀gbẹ: kí ènìyàn máa tọ̀ títí yóò fi gbẹ. Ìtọ̀ ṣúgà: ìtọ̀ tí ṣúgà wà nínú rẹ̀, tí eèrà máa ń bò bí a bá tọ̀ ọ́ sílẹ̀. Olójú-inú ni àwọn tí ó sọ ọ́ ní orúkọ wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ara ẹni tí kò rí ìtọ́jú ni wọ́n ti rí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún aláìsàn ní ínsúlínì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Toronto ní Kánádà ní ọdún 1922, tí oríṣiríṣi oògùn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e, ènìyàn lè gbé pẹ̀lú àtọ̀gbẹ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìgbẹ rárá. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba àwọn okùn tín-ín-rín tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ sókè. (N kò kọ 'iṣan' síbẹ̀, nítorí pé a ti di ẹrù mẹ́ta lé ọ̀rọ̀ yìí lórí: òpó ẹ̀jẹ̀, ẹran tí ń fa ara, àti okùn ìrora. Ó yẹ kí a bá a sọ ọ̀kan kalẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn.) Orúkọ àìsàn náà kò dárúkọ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ pé ṣúgà òun ti wálẹ̀, tí kò tọ̀ púpọ̀ mọ́, a gbà pé ewu ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún ń da nǹkan rú ju èyí lọ ni 'kú'. Bí ènìyàn bá ká ẹsẹ̀ kò sórí ẹní pẹ́, yóò ní ẹsẹ̀ òun kú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jí. Alátọ̀gbẹ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́ náà yóò ní ẹsẹ̀ òun kú, yóò sì máa retí kí ó jí. Ní ìparí ọ̀ràn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ mọ́ tí ẹsẹ̀ sì ti dúdú, oníṣẹ́ abẹ yóò ní ẹsẹ̀ ti kú, kí a gé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ohun tí yóò kọjá lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó bá ènìyàn gbé títí ayé, àti ohun tí a fẹ́ fi ayùn gé. Mo rí bàbá kan tí nọ́ọ̀sì sọ fún pé, 'Bàbá, ẹsẹ̀ yín ti ń kú o.' Àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára ni nọ́ọ̀sì ń sọ. Ayùn ni bàbá gbọ́. Kò padà wá sí kílíníkì náà mọ́.

Egbò àdáàjiná ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ yẹn tí kò gbọ́ 'kò jiná' nínú rẹ̀. Ìdájọ́ ni, kì í ṣe orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú egbò wọ̀nyí máa ń jiná bí a bá tètè bá a. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó jiná kò farasin: aláìsàn ń tẹ egbò náà mọ́lẹ̀ níbi gbogbo tí ó ń lọ, nítorí pé kò dùn ún, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ibẹ̀ kò tó, ṣúgà sì ga. Ẹni tí ó bá ti gbà láti ọjọ́ kìíní pé àdáàjiná ni kò ní rí ìdí tí yóò fi gbé ẹsẹ̀ sókè fún oṣù méjì.

Bí egbò bá ṣàdédé yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò rántí pé òun fi ara pa, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ní ó tẹ nǹkan. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí 'nǹkan' ń tọ́ka sí níbẹ̀: ohun tí ọ̀tá rì mọ́ ojú ọ̀nà. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń rí ni pé gbólóhùn náà tọ̀nà ju bí àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti rò lọ. Ó tẹ nǹkan lóòótọ́. Ó tẹ ìṣó, tàbí èèpo ekùrọ́, tàbí òkúta wẹ́wẹ́ inú bàtà, tàbí ojú rírán bàtà tuntun tí ó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò mọ̀ ni. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá wí pé, 'Kò tẹ nǹkan kan, àtọ̀gbẹ ni,' ìjà ni ó dá sílẹ̀, kò sì ní borí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, 'Òótọ́ ni, ó tẹ nǹkan. Ẹ gbé bàtà náà wá kí a wá a,' tí ó sì da bàtà délẹ̀, tí ó fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ títí dé orí, ó ti kọ́ gbogbo ilé ní ohun tí wọn yóò máa ṣe kí wọn tó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà ní òwúrọ̀. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ ń fúnni káàkiri ayé náà nìyẹn. Àwa ní gbólóhùn tí a lè gbé e lé lórí. A kò lò ó.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ìdí tí ẹsẹ̀ tí kò dunni fi ń bàjẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dábàá ti jáde. Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó la ojú ayé sí i, ara alátọ̀gbẹ kọ́ ni ó sì ti kọ́kọ́ rí i. Ní 1946 ó lọ sí Vellore ní Íńdíà, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú adẹ́tẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé ẹran ara adẹ́tẹ̀ máa ń jẹrà fúnra rẹ̀ títí ìka yóò fi já. Brand rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrora ni kò sí. Wọn a yí kọ́kọ́rọ́ tí ó ti le títí awọ ọwọ́ yóò fi ya. Wọn a di ohun gbígbóná mú. Wọn a fi egbò rìn láìtiro. Àwọn kan a sùn pẹ̀lú ìka pípé, wọn a sì jí kí ìka ti dín. Nígbà tí wọ́n ṣọ́ wọn lóru, wọ́n rí i pé eku ni ó ń jẹ wọ́n. Ní 1966 Brand kó lọ sí Carville ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ìmọ̀ tí ó ti ara adẹ́tẹ̀ wá ti di ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ.

Àwa Yorùbá ti mọ eku yẹn tipẹ́. A ní bí ó ti ń jẹni ni ó ń fẹ́ni, kí a má baà jí. Eku kò nílò kí ó fẹ́ alátọ̀gbẹ kí ó tó jẹ ẹ́. Ní Tanzania, àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa àwọn alátọ̀gbẹ tí eku jẹ ẹsẹ̀ wọn lójú oorun. Àwọn ilé kan wà nílẹ̀ wa níhìn-ín tí ìmọ̀ràn tí ó ṣe pàtàkì jù fún alátọ̀gbẹ ibẹ̀ kò ní í ṣe bàtà rárá, bí kò ṣe kí ó ki etí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bọ abẹ́ ibùsùn dáadáa.

Ohun tí ó ṣòro nínú ọ̀ràn yìí nìyí. Ìrora ni ń ránni létí. Ẹni tí eyín ń dùn kì í gbàgbé oògùn eyín. Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára kì í ké, nítorí náà olúwa rẹ̀ yóò gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́n tàbí pé ó ya olóríkunkun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ìrora kò ṣe mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá ni ẹsẹ̀ adití. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹ̀ka wa ti rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ẹsẹ̀ kò ní etí. Mo dá a lóhùn pé imú náà kò ní etí, síbẹ̀ a ń gbọ́ òórùn. Ní èdè wa, 'gbọ́' kò mọ sí etí nìkan; ara a máa gbọ́. Adití kò kú. Adití kò ṣàìsàn. Ó kàn jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ariwo kò lè gbà á; ojú ni yóò gbà á, tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò bàbá mi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di adití, kò béèrè ìgbà tí yóò jí, kò sì bẹ̀rù ayùn. Ó ní, 'Ta ni yóò wá máa bá a wò ó nígbà náà?' Mo ti kọ́ èdè fún ogún ọdún, n kò tíì gbọ́ ìbéèrè tí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti bí ìṣe.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ kan ti ń di adití, ọ̀nà kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún 2011. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀ kí ó sì di ojú. Kí ará ilé rẹ̀ fi orí ìka ìfábẹ̀lá kan orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì: àtàǹpàkò, ìka àárín àti ọmọńdinrín, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Kó má tẹ̀ ẹ́, kó má gún un. Bí aláìsàn bá mọ̀ ọ́n, kí ó wí. Bí kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí wọn lọ sọ fún dókítà. Ẹ má pè é ní 'ìdánwò' fún wọn, nítorí pé ẹni tí a bá dán wò ń fẹ́ yege, yóò sì wí pé òun mọ̀ ọ́n nígbà tí kò mọ̀ ọ́n. Ìfọwọ́kàn ni kí a pè é.

Nígbà tí a bá ti mọ̀, kí ni a ó máa ṣe lójoojúmọ́? Níhìn-ín ni mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn tí ń ṣe ètò ìlera rò. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa 'ìyípadà ìwà'. Ìwà ni oríkì ọmọlúàbí. Ìwà ni a fi ń ki ènìyàn, òun náà ni a fi ń bú u. Bí ọ̀dọ́mọdé nọ́ọ̀sì bá sọ fún ẹni àádọ́rin ọdún pé kí ó yí ìwà rẹ̀ padà, èébú ni àgbà náà gbọ́, yóò sì ṣòro fún un láti gbọ́ ohun tí ó kù. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí wọ́n ń wá mu ni bárakú. Mo mọ̀ pé ọtí àti aṣáà ni a sábà máa ń fi bárakú sọ. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ó ti wọ ara tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò lè ṣe aláìṣe é, ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn. Ìmọ̀ lásán kò tó. Ní 2014, àwọn tí wọ́n kó ìwádìí jọ fún àjọ Cochrane kò rí ẹ̀rí tí ó lágbára tó pé kíkọ́ aláìsàn lẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń dín egbò kù. Kò yà mí lẹ́nu. Àbúrò bàbá mi mọ̀. Mímọ̀ kò sọ fún un ìgbà tí yóò wò ó, tàbí ibi tí yóò jókòó sí, tàbí ẹni tí yóò bá a tan iná.

Bárakú tuntun kì í dá dúró. Ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó máa ń gbà wọlé. Ẹ wo àlùwàlá. Mùsùlùmí tí ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ń fi omi fọ ẹsẹ̀, ó sì ń fi ọmọ ìka ọwọ́ la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọwọ́ ti wà níbẹ̀. Ojú nìkan ni ó kù. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀ràn àbúrò bàbá mi ni pé ní gbogbo ọjọ́ tí ìṣó náà fi wà níbẹ̀ ni ó ń ṣe àlùwàlá. Bí mo bá ti kọ ọ́ pé, 'Bí ẹ bá ti fọ ẹsẹ̀ tán, ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ, kí ẹ sì yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè wò,' ì bá ti rí i ní ọjọ́ kìíní. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní ìwẹ̀ alẹ́, ó ní àdúrà agbo ilé. Gbogbo wa ni a sì ní ìkíni òwúrọ̀. Ọmọ tí ó bá dọ̀bálẹ̀ tàbí tí ó kúnlẹ̀ kí àgbà, iwájú ẹsẹ̀ àgbà náà ni ojú rẹ̀ wà. Kí ó tó dìde, kí ó wí pé, 'Ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yín, sà.' Àgbà tí kò lè tẹ̀ mọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá dígí kiri.

Bí a bá sì ń sọ ibi tí wọn yóò wò, kí a má ṣe wí pé 'ẹsẹ̀' kí a sì dákẹ́. Ẹsẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ó sì parí sí èékánná. Mo ti rí ẹni tí a ní kí ó máa fi ìpara ra ẹsẹ̀ tí ó ń ra orúnkún àti ojúgun rẹ̀ tọkàntọkàn, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ wọn: àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àárín ọmọ ìka, ìdí èékánná. Kí a fi ìpara ra gìgísẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kí a má fi í sí àárín ọmọ ìka, nítorí pé ọ̀rinrin ibẹ̀ a máa bó awọ. Bákan náà ni omi. Ẹsẹ̀ adití kò lè sọ bí omi ti gbóná tó. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí a kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́, tàbí kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ kàn án. Iná ọyẹ́ àti àgbo gbígbóná tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ti jó àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn ń jóná. Ní ti àwọn agéèékánná tí ń lu àlùmọ́gàjí wọn kiri àdúgbò, n kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ adití ni kí wọ́n máa fi abẹ há.

Ti bàtà le díẹ̀. 'Ẹ má ṣe rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé' ni ìmọ̀ràn náà wí. Ilé Yorùbá a máa kọ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. A kì í wọ̀ ọ́ wọ mọ́ṣáláṣí. A kì í wọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun àwọn ìjọ kan. A máa ń bọ́ ọ níwájú Kábíyèsí. Ẹni tí ó kọ ìmọ̀ràn náà kò mọ gbogbo èyí, àwa olùtumọ̀ tí a mọ̀ ọ́n sì gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. N kò rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè tán ìṣòro náà. Ṣùgbọ́n a lè ya 'bàtà ilé' sọ́tọ̀ kúrò lára bàtà ìta: bàtà rírọ̀ tí kì í kọjá ìloro, tí kò gbé ìdọ̀tí wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé ó tàbùkù ilé. Ní ibi ìjọsìn, ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ tí ó nípọn sàn ju àtẹ́lẹsẹ̀ lásán lọ, kí a sì wo ẹsẹ̀ bí a bá ti jáde. Ìyókù, àwọn àlùfáà àti àwọn wòlíì ni kí a lọ bá sọ ọ́. Wọ́n ní etí ìjọ ju dókítà lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dẹ́rù bà mí ju gbogbo èyí lọ, òun ni 'jiná' fúnra rẹ̀. Egbò jiná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a pa ẹran, ọ̀ràn parí. Nínú àyẹ̀wò ìwádìí tí Armstrong, Boulton àti Bus tẹ̀ jáde ní 2017, nínú 100 ènìyàn tí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ wọn jiná, nǹkan bí 40 ni òmíràn tún máa ń yọ sí lára láàárín ọdún kan, nǹkan bí 65 láàárín ọdún márùn-ún. Àwọn mẹ́ta náà dábàá pé kí a má ṣe pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí ó ti bọ́, bí kò ṣe ẹni tí àìsàn rẹ̀ fún láyè díẹ̀. Báwo ni a ó ti sọ èyí? Mo kọ́kọ́ ronú sí 'rọlẹ̀', ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, ìrọ̀lẹ́ ni aláìsàn yóò kà. Èyí tí mo ń lò báyìí ni 'sùn': egbò náà ti sùn. Ohun tí ó sùn lè jí, ẹni tí ó bá sì wà nítòsí ohun tí ó sùn a máa rọra rìn. Ní ilé àbúrò bàbá mi, ó ti wọ èdè wọn. Lẹ́yìn ìrun alẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá a tan tọ́ọ̀ṣì, a gbé ẹsẹ̀ ìyá àgbà lé itan, a sì wo gbogbo rẹ̀. Ìyá a bi í pé, 'Ṣé ó ṣì ń sùn?' Lẹ́ẹ̀mejì ni ọmọ náà ti dáhùn pé kò sùn dáadáa, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹsẹ̀ náà ṣì wà.

Mo ti tún ìwé pélébé náà kọ. 'Wò' ni mo kọ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kò tíì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní èdè rẹ̀ ti já wálẹ̀ jù, kò dà bí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Kí n tó padà lọ bá wọn, mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi dá sí i. Èdè Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni mo fi ń ṣe gbogbo ohun tí mo sọ níhìn-ín. Kí àwọn tí ó wà ní Èkìtì, Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Ìyàgbà àti Kétu jọ̀wọ́ kọ̀wé sí olóòtú, kí wọ́n sọ ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń wí bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kò bá mọ nǹkan lára mọ́: bóyá 'kú' náà ni, tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó sàn ju adití tèmi lọ.